Ìjókòó Ẹ̀yìn Kò Ní Ẹ̀gbọ́n

Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí lọ́rì gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò ní ẹ́ńjìnì wá fún bàbá àgbà mi ní ilé wọn ní Gascoigne, ní ìlà-oòrùn London. Aago náà dá mi lójú. Ó yẹ kí n wà níbi eré bọ́ọ̀lù ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, mo ti wọ bàtà mi tán, mo sì ń wo aago ara ògiri ilé ìdáná wọn nígbà tí Bàbá Àgbà pè mí láti ìsàlẹ̀ pé kí n wá wo ọkọ̀ tí yóò máa gbé gbogbo ìdílé wa lọ sí etí òkun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ilẹ̀ ni mo rí.

"Bàbá Àgbà, ẹ́ńjìnì ò sí níbẹ̀."

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "gbogbo ìjàǹbá ọkọ̀ tí mo ti gbọ́ láyé mi, ẹ́ńjìnì wà nínú rẹ̀."

Oṣù tó kọjá la sin wọ́n. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni mo ń gbọ́ nípa wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan dìde ó ní Bàbá Àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti bá jà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà sì wà lára wọn. Ẹlòmíràn ní arìnrìn-àjò ni wọ́n. Ẹlòmíràn ní wọn kì í purọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí gba àlàyé. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ kí ohun tí mi ò mọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀. Mo sì fẹ́ kọ nípa ohun kan tí wọ́n ń wá títí tí wọ́n fi kú: kí bàbá mi àti ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, tún fínnú-fíndọ̀ jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ kan.

Iṣẹ́ tí Bàbá Àgbà ṣe nígbà ọ̀dọ́ wọn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló fa gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta táyà ní ọkọ̀ sinimá tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, tó ń fi fíìmù ẹ̀kọ́ han àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn ará abúlé lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù náà ń kọ́ni bí ìdílé ṣe ń rin ìrìn-àjò nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́: bí bàbá ṣe ń múra, bí ìyá ṣe ń di oúnjẹ, bí ọmọ ṣe ń jókòó. Ilé-iṣẹ́ náà ló sanwó tí wọ́n fi ṣe é, nítorí náà orí táyà ni gbogbo ẹ̀kọ́ ń parí sí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wò ó kò ní kẹ̀kẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọkọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni fíìmù náà ń sọ. Iṣẹ́ Bàbá Àgbà ni láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ sinimá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí wọ́n máa sọ ọ́ ní Yorùbá.

Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì fi tiwọn kún un. Ọkọ, ìyàwó, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ló wà nínú fíìmù náà, òyìnbó ni gbogbo wọn. Bàbá Àgbà sọ ọkùnrin náà ní Bàbá Ìbejì, wọ́n sọ obìnrin náà ní Ìyá Ìbejì, wọ́n sọ àwọn ọmọ ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Wọ́n ní ajá kan wà pẹ̀lú wọn tó ń jẹ́ Sùúrù. Wọ́n sọ fún mi pé ní ìlú kan, bàbá arúgbó kan dìde láàárín èrò, ó ní báwo ni wọ́n ṣe jẹ́ ìbejì nígbà tí ọ̀kan fi orí àti ọrùn ga ju ìkejì lọ. Bàbá Àgbà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. "Kẹ́hìndé nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ni. Ṣé ẹ fẹ́ kó kúrú ju àbúrò rẹ̀ lọ ni?"

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Màmá Àgbà bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì. Táíwò ni bàbá mi. Ìkejì rẹ̀ ni Ọ́ńkù Kẹ́hìndé. Bàbá Àgbà ka èyí sí ẹ̀rí pé òótọ́ ni fíìmù náà ń sọ.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé, Bàbá Àgbà mú fíìmù náà nínú agolo rẹ̀, wọ́n sì gbé e wá sí London nínú àpótí aṣọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó kò bá a wá. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni agolo náà wà ní gbogbo ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó rí fíìmù náà rí. Ẹnu Bàbá Àgbà la ti ń gbọ́ ọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bá èrò sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jiyàn, wọ́n á nawọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Fíìmù sọ pé a kì í fi ìbínú jẹun nínú ìrìn-àjò. Fíìmù sọ pé ẹni tó mọ ọ̀nà kì í pariwo. Ìyá mi rọra bi wọ́n nígbà kan bóyá fíìmù sọ ẹni tó yẹ kó fọ abọ́ nígbà tí gbogbo wa bá jẹun tán. Bàbá Àgbà nawọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ibẹ̀ ti jóná," ni wọ́n wí.

Ní ti ìjà àwọn ọmọ wọn, mo wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí a sin Màmá Àgbà ni. Mo ti wà ní yunifásítì nígbà náà. Ọkọ̀ dúdú gígùn wá gbé wa lọ sí itẹ́ òkú. Ọkùnrin tó bá ọkọ̀ náà wá, òyìnbó oníwà pẹ̀lẹ́ tó dé àkẹtẹ̀ gíga, ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ní kí ọmọkùnrin tó dàgbà jù jọ̀wọ́ wá jókòó níbẹ̀. Bàbá mi bọ́ síwájú, nítorí òun ló kọ́kọ́ jáde láti inú ìyá wọn, ìwé ìbí rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọ́ńkù Kẹ́hìndé náà bọ́ síwájú, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò fún òun. Ọwọ́ àwọn méjèèjì pàdé lára ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà rọra bèèrè èyí tó dàgbà jù nínú wọn.

Àwọn méjèèjì dáhùn pé, "Èmi ni."

Ọkùnrin náà ní ó yé òun. Kò yé e.

Gbogbo ayé wọn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀, kò dá ìjà sílẹ̀ rí. Nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ní iléèwé àti lọ́dọ̀ dókítà, Táíwò ni. Olúkúlùkù ní ìlú tó ti ń jọba. Ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn ni ìlú méjèèjì ti pàdé, lọ́jọ́ tí ẹni tó bí wọn wà nínú pósí. Bàbá mi ní aago kì í purọ́. Ọ́ńkù Kẹ́hìndé ní ta ló ń rán ta níṣẹ́. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mi ò ní kọ. Bàbá mi lọ wọ ọkọ̀ tirẹ̀, Ọ́ńkù Kẹ́hìndé pe takisí, ìjókòó iwájú ọkọ̀ dúdú náà sì ṣófo títí a fi dé itẹ́ òkú. Èmi àti Bàbá Àgbà la jókòó lẹ́yìn. Wọ́n di èèpo ọsàn mọ́ imú, wọ́n ń wo ìjókòó tó ṣófo náà.

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "ìjókòó ẹ̀yìn kò ní ẹ̀gbọ́n. Bàbá Ìbejì ti sọ ọ́ nínú fíìmù."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ gbólóhùn yẹn nìyẹn. Mi ò sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ọ́ ni.

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, àyàfi nípasẹ̀ mi. Bàbá mi á jókòó sí pálọ̀ kan náà pẹ̀lú Ọ́ńkù Kẹ́hìndé, á wá ní kí n sọ fún un pé aago méjì ni Bàbá Àgbà ní láti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọ́ńkù Kẹ́hìndé á ní kí n sọ fún un pé òun ti gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ nígbà tí Màmá Àgbà wà láyé, ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì náà ti gbé gbogbo wa lọ sí Southend létí òkun ní ìgbà tí mi ò lè kà. Ibi tí ó dúró sí, iwájú rẹ̀ kọjú sí àwọn ike ìdọ̀tí ńlá. Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá Àgbà á wọ kóòtù, wọ́n á so táì, wọ́n á dé àkẹtẹ̀ bíi ti Bàbá Ìbejì. Wọ́n á yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún èyí tó bá rọ̀ ní afẹ́fẹ́. Mo bi wọ́n ìdí tí a fi ń da ara wa láàmú nítorí táyà ọkọ̀ tí kì í rìn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí.

"Kò sí ẹni tó sọ fún táyà."

Màmá Àgbà ló ń jókòó níwájú, oúnjẹ á wà lórí itan wọn. Fíìmù ní búrẹ́dì àti ẹyin ni wọ́n ń jẹ lọ́nà. Màmá Àgbà ní àwọn ò lè jẹ búrẹ́dì tútù, wọ́n wá sè mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin. Lẹ́yìn àríyànjiyàn díẹ̀, Bàbá Àgbà gbà pé ẹyin gan-an ni fíìmù ní lọ́kàn. Bàbá mi àti Ọ́ńkù Kẹ́hìndé á wà lẹ́yìn, àgbàlagbà ọkùnrin méjì tí orúnkún wọn kan àyà, èmi á wà láàárín. Bàbá Àgbà á di sítíárì mú, wọ́n á máa pe ibi tí a dé. A ti kọjá Rainham. Ẹ wo àgùntàn lọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tí a bá dé Southend, àwọn ẹyẹ òkun máa ń wà níwájú wa lóòótọ́, nítorí pé ẹyẹ òkun fẹ́ràn ìdọ̀tí.

Maureen, òyìnbó arúgbó tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wọn, yọrí lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan, ó bèèrè ibi tí à ń lọ. Bàbá Àgbà ní Southend ni. Ó ní ká dúró de òun kí òun lọ mú àkẹtẹ̀ òun. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bá wa lọ, tí mo wá ń jókòó lé e nítan. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó gbà pé à ń rìn tàbí mọ́ínmọ́ín ló fẹ́ràn. Nígbà tí ẹnì kan wá láti káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó ni àwọn ilé náà, tó bi í bóyá ọkọ̀ tó kú sójú fèrèsé rẹ̀ yìí ń dí i lọ́wọ́, ó ní rárá o. "Òun ló ń gbé mi lọ sí etí òkun."

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa. Bàbá Àgbà bẹ Wòlíì pé kó wá gbàdúrà sí ọkọ̀ náà. Wòlíì wá pẹ̀lú agogo àti omi, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ike ìdọ̀tí, ó yí ọkọ̀ náà ká. Ẹ̀mí gbé e. Ó ríran pé kí Bàbá ṣọ́ra gidigidi fún eré àsápajúdé. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, Bàbá Àgbà ló sì wá le ojú jù. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e la ti ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Màmá Àgbà ṣàròyé pé mọ́ínmọ́ín ti tutù kí a tó kọjá Basildon, pé ṣé wọn ò lè tẹ iná díẹ̀ ni. Bàbá Àgbà kò tẹ̀ ẹ́.

"Ó sàn kí a pẹ́ dé ju kí a má dé lọ," ni wọ́n wí. Òótọ́ ni gbólóhùn yẹn níbi gbogbo láyé, àyàfi nínú ọkọ̀ náà.

Màmá Àgbà ló sọ fún mi ìdí tí ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnì fi tẹ́ Bàbá Àgbà lọ́rùn. Èébì ni. Wọn kò lè jókòó nínú ọkọ̀ tó ń lọ kí wọ́n má bì. Nígbà tí wọ́n ń bá ọkọ̀ sinimá kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń bì láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi omi ṣan ẹnu, wọ́n á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn adùn ìrìn-àjò. Mi ò bá wọn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n èmi náà ti rí wọn nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú èèpo ọsàn nímú, láti Barking dé Dagenham, tí ojú wọn di àwọ̀ eérú. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe lè máa polówó ohun tí ara wọn kọ̀.

"Ta ló tún mọ iyì ìrìn-àjò tó ẹni tó ń san án pẹ̀lú oúnjẹ ọjọ́ rẹ̀?"

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé Gascoigne láti fi kọ́ tuntun. Bàbá Àgbà kó wá sọ́dọ̀ wa ní Dagenham Village. Ọkọ̀ náà kò lè bá wọn wá. Káńsù lẹ ìwé mọ́ gíláàsì rẹ̀ pé wọn yóò gbé e kúrò ní Ọjọ́bọ̀ kan. Màmá Àgbà ti kú nígbà náà, àwọn ìbejì sì ti ń lò mí bí tẹlifóònù fún ìgbà pípẹ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, a wá Bàbá Àgbà nínú ilé, a ò rí wọn. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Gascoigne. Lọ́rì ti dé. Bàbá Àgbà wà nídìí sítíárì pẹ̀lú kóòtù, táì àti àkẹtẹ̀, Maureen wà lẹ́yìn pẹ̀lú àkẹtẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó wa lọ́rì náà ń bẹ̀ wọ́n. Ó ní òfin ò gba òun láyè láti gbé ọkọ̀ tí èèyàn wà nínú rẹ̀. Bàbá Àgbà ní àwọn kì í ṣe èèyàn inú ọkọ̀, awakọ̀ ni àwọn. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní kí n pe Táíwò, kí n pe Kẹ́hìndé, pé Bàbá Ìbejì kì í gbéra láìkó àwọn ọmọ. Bí àwọn méjèèjì bá ti lè bá àwọn dé Southend lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á sọ̀ kalẹ̀, kí káńsù máa gbé irin wọn lọ.

Mo pe àwọn méjèèjì. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé mo ń pe ìkejì. Àwọn méjèèjì dé. Maureen wò wọ́n, ó sọ̀ kalẹ̀ fún wọn, ó ní òun ti lọ sí Southend tó.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ń ṣí, ti apá kejì ti dípẹtà. Ìyẹn ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Bàbá mi ní òun ni yóò kọ́kọ́ wọlé, nítorí òun ló kọ́kọ́ wáyé. Ọ́ńkù Kẹ́hìndé yẹra fún un wẹ́rẹ́, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ júwe inú ọkọ̀ fún un, nítorí Táíwò ló yẹ kó máa wọlé ṣáájú kó lọ wò ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá mi rí i pé inú ìkejì òun dùn sí i. Ó dúró. Ó ronú. Ó fà sẹ́yìn, ó ní òun ò wọlé ṣáájú mọ́. Ọ́ńkù Kẹ́hìndé ní kí n sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù, gbogbo wa ti rí i pé ó ti fẹ́ wọlé. Awakọ̀ lọ́rì náà bi mí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó lọ jókòó sínú lọ́rì rẹ̀.

Òjò ló yanjú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ọ́ńkù Kẹ́hìndé ló ti kọ́kọ́ rọ̀, ó sáré wọlé, ó ń sọ pé ti òjò kì í ṣe kíkà. Bàbá mi wọlé tẹ̀ lé e. Èmi dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá Àgbà fúnra wọn ti ilẹ̀kùn iwájú, níbi tí Màmá Àgbà máa ń jókòó sí, pa, wọ́n di sítíárì mú, wọ́n wa ọkọ̀ náà láti Gascoigne dé Southend. Wọn kò fo ibì kankan. Wọ́n fi Rainham hàn wọ́n. Wọ́n fi àgùntàn hàn wọ́n. Nígbà tí a dé etí òkun, tí ẹyẹ kan tilẹ̀ bà sórí ike ìdọ̀tí, bàbá mi ní kí n sọ fún ọkùnrin yìí pé kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ òun. Ọ́ńkù Kẹ́hìndé ní kí n bi í ibi tí ó fẹ́ kí òun gbé e sí.

Bàbá Àgbà wò wọ́n nínú dígí. Wọ́n ṣí àkẹtẹ̀ lórí, wọ́n gbé e lé orí ìjókòó Màmá Àgbà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò.

"Fíìmù ò parí báyìí," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ọwọ́ pe awakọ̀ lọ́rì pé kó máa gbé e.

Wọ́n kú sí ilé wa lórí ibùsùn wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ìyá mi ló wà pẹ̀lú wọn, kì í ṣe èmi, nítorí náà mi ò ní sọ ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbé agolo fíìmù náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń da fíìmù àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, mo fi í hàn nínú pálọ̀ wa. Bàbá mi jókòó nídìí ilẹ̀kùn, Ọ́ńkù Kẹ́hìndé jókòó lójú fèrèsé, ìyá mi jókòó tì mí.

Ohun tó wà nínú fíìmù náà nìyí. Ọkùnrin kan tó dé àkẹtẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ táyà. Obìnrin kan ń di búrẹ́dì àti ẹyin. Ọmọ kan ga, ìkejì kúrú, kò sí ẹni tó pe orúkọ wọn. Kò sí ajá. Wọn kò dé etí òkun: ojú ọ̀nà ni wọ́n ṣì wà nígbà tó parí, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ táyà náà lórí wọn. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ nínú àwọn òfin tí Bàbá Àgbà fi tọ́ gbogbo wa. Ẹni tó ń ṣàlàyé kò dákẹ́ rárá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lórí táyà.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà láàárín. Àwọn ọmọ méjèèjì ń lu ara wọn lẹ́yìn ọkọ̀. Ọkùnrin náà yí orí padà. Ẹnu rẹ̀ là, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan, àwọn ọmọ náà sì ṣíwọ́. A kò gbọ́ ohun tó sọ, nítorí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà ni ẹni tó ń ṣàlàyé ń sọ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Mo dá a padà, mo tún un wò. Mo sọ gbólóhùn Bàbá Àgbà nínú ọkàn mi bí ẹnu ọkùnrin náà ṣe ń mì. Gígùn rẹ̀ bá a mu. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin náà ń sọ.

"Ìjókòó ẹ̀yìn kò ní ẹ̀gbọ́n," ni bàbá mi wí. Kò wo ẹnikẹ́ni.

"Kò sọ bẹ́ẹ̀," Ọ́ńkù Kẹ́hìndé wí láti ojú fèrèsé. "Bàbá ò sọ ìyẹn rí nígbà tí a wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn tí Màmá kú ni wọ́n fi kún un."

"Wọ́n máa ń sọ ọ́. Oorun ló máa ń gbé ọ lọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀."

"Oorun? Èmi tí mo mọ orúkọ ajá?"

"Ajá wo? Ṣé o rí ajá níbẹ̀?"

"Wọ́n ti gé e kúrò."

"Ta ló fẹ́ gé ajá kúrò nínú fíìmù táyà?"

"Èwo ni kí ajá má lè wà nínú fíìmù táyà?"

Mo fẹ́ dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ ajá náà ṣeé yẹ̀ wò. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. Ìgbà náà ni mo tó ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó ní kí n bá òun sọ ohunkóhun fún ìkejì.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ dúdú gígùn dé sí iwájú ilé wa. Ọkùnrin mìíràn ló bá a wá, ṣùgbọ́n àkẹtẹ̀ rẹ̀ ga bíi ti àkọ́kọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ní kí ọmọkùnrin tó dàgbà jù jọ̀wọ́ wá jókòó. Èmi àti Maureen ti wà nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn, Maureen pẹ̀lú àkẹtẹ̀ rẹ̀ àti mọ́ínmọ́ín tí ìyá mi di fún un. Mo rí àwọn ìbejì tí wọ́n wo ilẹ̀kùn náà, tí wọ́n wo ara wọn. Bàbá mi na ọwọ́, ó rọra ti ilẹ̀kùn náà pa. Wọ́n jọ rìn lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọkùnrin alákẹtẹ̀ náà wá bọ́ sáàárín èmi àti wọn, nítorí náà mi ò rí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Mo ti bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá mi ní Kẹ́hìndé ni. Ọ́ńkù Kẹ́hìndé ní Táíwò ni. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lọ́nà, bí wọ́n bá sọ ohunkóhun.

Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí ọkọ̀ náà yà sójú títì, ìjókòó iwájú ṣófo, orí méjì wà nínú gíláàsì ẹ̀yìn, kò sì sí èyí tó ga ju ìkejì lọ.